Abọ́ Àlejò ní Erékùṣù Yìnyín

"Ènìyàn mélòó lẹ bọ́ láàárọ̀ yìí?" Akẹnu béèrè, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń béèrè ní òròòwúrọ̀ láti ọdún mẹ́fà wá.

"Gbogbo wọn ni," ni Ìbídùnún dá a lóhùn, ó sì tún bu ògì gbígbóná sínú abọ́ mìíràn.

"Gbogbo wọn kì í ṣe iye."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n ka abọ́ fúnra mi, bí a ti ń ṣe é?"

"Kà á, ọ̀rẹ́ mi. Èmi kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ọmọ ogun tó tò síwájú rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí, síbẹ̀ kì í sú wọn. Akẹnu nìkan ni kò rérìn-ín. Ẹ̀rọ ni, ó ga tó ilẹ̀kùn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bí ọlọ́pàá, ojú gíláàsì kan ṣoṣo ló wà níwájú orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti akọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ẹnu ló ń kà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Akẹnu. Abọ́ tó bá gba abẹ́ ojú rẹ̀ jáde ní kíkún, tó sì padà wá ní òfìfo, ẹnu kan nìyẹn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí i padà.

"Màmá, ẹ bu tèmi kéré," ni Kọ́pùrà Ọmọ́tóyè wí nígbà tó kàn án. "Bí mo bá yó jù lónìí, Ìgbìmọ̀ á ní a ṣì lágbára."

"Ọmọ́tóyè, ẹnu tìrẹ nìkan tó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan. Bí ẹ̀rọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ọ̀sán á pọ́n kó tó parí."

"Ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Àpò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti àná. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún márùn-ún, Màmá. Oyún rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀. Inú gíláàsì ìbánisọ̀rọ̀ la ti ń ríra, ó sì ń pè mí ní Bọ̀dá Inú Gíláàsì."

"Wàá gbé e lọ́wọ́ rẹ méjèèjì, lágbára Ọlọ́run."

"Àmín, Màmá. Ẹ tún fi ṣíbí kan kún un. Mo ń ṣàwàdà ni."

Kò sí ẹni tí kò di ẹrù ní Erékùṣù Yìnyín láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé Ọjọ́ Ìwọ̀n ni, ọjọ́ tí Ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè máa ń sọ, lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, ibùdó tó lágbára tí yóò dúró àti èyí tí yóò lọ sílé. Oòrùn wà lójú ọ̀run bí ó ti wà láti oṣù kan sẹ́yìn, tí kò wọ̀, tí kò sì mú. Lójú fèrèsé ni ọ̀nà òkun wà, fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tó jẹ́ pé yìnyín ló wà láyé àwọn bàbá wọn. Nígbà tí yìnyín yọ́ ni àwọn ọkọ̀ gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí gbabẹ̀, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì rán ọmọ rẹ̀ lọ máa ṣọ́ ọ. Ìbọn mẹ́ta péré ni ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ Etíkun ní níbẹ̀. A ti fi ṣéènì dè wọ́n mọ́ ògiri ilé oúnjẹ, wọ́n ti dípẹtà, orí wọn sì ni Ọmọ́tóyè máa ń sá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí.

Ìbídùnún bu ti gbogbo ènìyàn tán. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó mú abọ́ mẹ́fà tó ní ilà búlúù létí, ó bu oúnjẹ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi àwo kékeré dé e, ó sì gbé ọ̀kan sí ìpẹ̀kun tábìlì kọ̀ọ̀kan, ní apá ibi tí ilẹ̀kùn wà. Abọ́ àlejò nìyẹn. Tábìlì mẹ́fà, abọ́ mẹ́fà. Nílé ìyá rẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n jẹun tán tí wọn kò bu ti ẹni tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ìyá náà a máa wí pé ẹni tó ń bọ̀ kò mọ̀ pé ebi ń pa òun títí tó fi dé. Àwa tó wà nílé ló yẹ kó mọ̀. Ó sì máa ń fi kún un, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́ tó fi ń gbàdúrà, pé Olúwa fúnra rẹ̀ ti rìn bí àlejò rí, kì í sì í ránṣẹ́ ṣáájú.

Ní Erékùṣù Yìnyín, àlejò kì í wá. Bí àwọn ọmọ bá jẹun tán, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo jù lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń ti abọ́ náà sí. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Wọ́n á kàn rọra tì í síwájú rẹ̀.

Nígbà tí agogo mẹ́jọ lù, Akẹnu gbé ohùn sókè.

"Ìjọba Àpapọ̀ Etíkun. Ibùdó Erékùṣù Yìnyín. Ìwọ̀n ọdún mẹ́ta ti parí. Ẹ lágbára. Ẹ ó wà níbi iṣẹ́ yín fún ọdún mẹ́ta sí i. Orílẹ̀-èdè yín kí yín."

Ṣíbí kan bọ́ sílẹ̀, ẹni tó ni ín kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ọmọ́tóyè dìde, ó jáde, ó gbé àpò rẹ̀ wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó tì í sábẹ́ tábìlì, ó sì jókòó padà bí ẹni tó dé sí ilé àna tí wọn kò pè é sí. Àwọn tó yí i ká wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́, ó ti abọ́ ilà búlúù náà síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán láìgbórí sókè, ó sì gbé abọ́ náà padà wá.

"Ẹnu kan," ni Akẹnu wí bí abọ́ náà ti ń kọjá.

Ìbídùnún gbọ́ ọ. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́fà bí ènìyàn ti ń gbọ́ ìró òjò lórí páànù.

Ìtìjú ló bá a ju ohunkóhun lọ. Òun nìkan ni àpò rẹ̀ kò ní padà wọlé. Ó ti pé ọgọ́ta ọdún ní oṣù tó kọjá, òfin sì ni pé ẹni tó bá pé ọgọ́ta kò gbọ́dọ̀ gbé ibùdó òkèèrè mọ́. Ọkọ̀ tó ń kó gàrí àti ẹ̀wà bọ̀ yóò dé ní agogo méjì, yóò sì gbé e lọ ní agogo mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni arúgbó náà yọjú nínú gíláàsì, tó súnmọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, tó wí pé, "Ṣé o ti ń bọ̀? Mi ò fún àlejò mìíràn ní abọ́ yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Tìrẹ ni mò ń bù sí i."

Ó ń fọ ìkòkò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé Ọ̀gágun Ẹgbẹ́yẹmí, olórí ibùdó, ń pè é.

Ọ̀gágun kò tíì pé ogójì ọdún. Ọdún méjì péré ló ti lò ní ibùdó náà, ó sì jẹ́ ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ olùkọ́. Ó dìde nígbà tí Ìbídùnún wọlé, ó fa àga fún un, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ènìyàn mélòó ni wá níbí?"

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ mí. N kì í..."

"Ẹ má bínú, mo mọ̀. Ó dára, èmi á kà á. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wá, tèmi tiyín." Ó yí gíláàsì orí tábìlì rẹ̀ sí i. "Ohun tí Akẹnu rán lọ sí Ìgbìmọ̀ rèé. Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún."

"Ẹ̀rọ ti ṣìṣe nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kọ́kọ́ rò. Mo tú gbogbo rẹ̀ wò. Kò ṣìṣe. Ẹnu mẹ́fà ló lé, kì í dín, kì í pọ̀, lójoojúmọ́, nígbà òtútù àti nígbà oòrùn." Ó kọjú sí i. "Màmá, tábìlì mélòó ló wà nínú ilé oúnjẹ?"

Ọwọ́ Ìbídùnún gòkè lọ síbi àyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ààlà rẹ̀ ńkọ́?" ó béèrè nígbà tó yá. "Iye wo ni wọ́n ní kó tó?"

"Àwa ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń sọ fún. Ọgọ́rùn-ún ni. Orílẹ̀-èdè tó bá lè bọ́ ọgọ́rùn-ún ẹnu ní ẹ̀yìn òkun fún ọdún mẹ́ta, alágbára ni. Ó ní ohùn nínú Ìgbìmọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ̀nà òkun nìṣó. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé, wọ́n á sì gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọ̀kan ló fi lé."

"Ọ̀kan ṣoṣo."

Ìbídùnún wo gíláàsì náà. Kò mọ bí wọ́n ti ń kà á, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. "Ọ̀gá, ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́? Ẹ kò tíì dé nígbà yẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ yín."

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, Màmá."

"Ẹ dákun."

Ọ̀gágun wo fèrèsé. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún," ó wí.

Obìnrin tí kò ka ọmọ ẹnikẹ́ni rí jókòó síbẹ̀, ó sì kà. Ó fi ìka rẹ̀ kà á lórí itan, lábẹ́ tábìlì, bí ọmọ ilé ìwé. Ó yọ mẹ́fà kúrò nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Ó kù méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Wọn kò tó. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó yẹ kí gbogbo wọn ti wà nílé.

Ó sì tún ka mẹ́ta mìíràn, nítorí kíkà kì í dúró bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní òtútù tó tẹ̀lé Ìwọ̀n yẹn ni yìnyín là lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun mẹ́ta tó lọ tún òpó iná etí òkun ṣe. Adégòróyè wà nínú wọn, ọmọkùnrin gíga tó máa ń bá a fọ abọ́ mẹ́fà náà, tó máa ń wí pé, "Màmá, àlejò yín yìí mà ń pẹ́ lọ́nà o." Òkìtì òkúta mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ibùdó. Ìbídùnún fúnra rẹ̀ ló yan orin tí wọ́n kọ nígbà ìsìnkú wọn.

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa wọ́n," Ọ̀gágun wí, nítorí ó rí ojú rẹ̀.

"Èmi kọ́. Ọwọ́ mi ni."

"Inú rere lẹ fi ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná ń kùn bí ẹni tó ń sùn.

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún mi?" Ìbídùnún béèrè. "Ẹ bá ti jẹ́ kí n wọkọ̀ lọ."

"Nítorí pé ẹni tó ń bu oúnjẹ nìkan ni òfin gbà láàyè láti tún ìwọ̀n ṣe, kí Ọjọ́ Ìwọ̀n tó parí. Èmi ọ̀gá kò lè ṣe é. Àti pé, Màmá, kí n má purọ́, èmi kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ kí ẹ ṣe é. Omi ni Ìgbìmọ̀ fẹ́ pín lọ́dún tó ń bọ̀. Bí a kò bá ní ohùn, ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn wa?"

"Agbára tó jẹ́ pé abọ́ àlejò ló gbé e ró, Ọ̀gá, ṣé agbára ni?"

"Òun la ní." Ó tẹ orí ba. "Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí ìwọ̀n bá ṣì mọ́ lọ́wọ́ kò ní bá àwọn yòókù lọ. Òun ni yóò dá ibùdó ṣọ́ títí orílẹ̀-èdè mìíràn yóò fi wá gbà á. Ó lè tó ọdún mẹ́ta. Òfin yẹn ga ju ti ọjọ́ orí lọ. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ ó wà lọ́dọ̀ ìyá yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí láé. Mo sì ń wí i tọkàntọkàn pé kí ẹ lọ, ẹ sinmi."

Ìbídùnún jáde. Ó lọ sínú ilé ìkó-oúnjẹ-sí, ó kúnlẹ̀ láàárín àpò gàrí méjì tó kù, ó sì gbìyànjú láti gbàdúrà. Ó jẹ́ obìnrin tí àdúrà rọ̀ lẹ́nu. Láti kékeré ló ti mọ orin ìyìn tó pọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, imú ìyá rẹ̀ nìkan ló ń rí, bó ṣe súnmọ́ gíláàsì, tó ń wí pé tìrẹ ni mò ń bù sí i. Ó bẹ Olúwa pé kó jẹ́ kí òun lọ. Ó ní òun ti sìn ín, òun kò jalè, òun kò fi ebi pa ẹnikẹ́ni. Bó ti wí ìyẹn tán ló rántí pé òun kò tilẹ̀ lè fi ẹ̀bi náà sórí ìwà burúkú kankan tí ì bá ronú pìwà dà nínú rẹ̀. Oúnjẹ ló bù. Ìfẹ́ ló fi bù ú. Òkúta mẹ́ta sì wà lẹ́yìn ilé.

Báwo ni ènìyàn ti í ronú pìwà dà nínú ìfẹ́? Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ó gbọ́ ìró fèrè ọkọ̀ láti òkun. Agogo méjì ti lù. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó sì gba inú ilé oúnjẹ kọjá. Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Àpò Ọmọ́tóyè wà lábẹ́ tábìlì. Bèbí aláṣọ kan yọjú lẹ́nu rẹ̀, bèbí tí Ọmọ́tóyè ti fi ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ rán fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú ojú rẹ̀ tóbi ju èkejì lọ.

Ìbídùnún wò ó. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí iwájú Akẹnu, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sí épúrọ̀nù.

"Mo fẹ́ tún ìwọ̀n ṣe," ó wí.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Sájẹ́ǹtì Ìbídùnún Fátúnlà, tó ń bu oúnjẹ."

"Kí ló ṣì?"

"Abọ́ mẹ́fà tó ní ilà búlúù. Ẹnu kọ́ ni wọ́n."

"Wọ́n jáde ní kíkún. Wọ́n padà ní òfìfo. Ta ló jẹ wọ́n?"

"Àwọn tó ti jẹ tiwọn tẹ́lẹ̀ ni."

"Ta lẹ bù wọ́n fún?"

"Àlejò."

"Orúkọ àlejò náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ọjọ́ wo ló dé?"

"Kò dé."

Ó pẹ́ kí Akẹnu tó tún sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó ń wá ìwé kan kiri. "Fún ọdún mẹ́fà ni ẹ ti ń bu oúnjẹ fún ẹni tí kò dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí n tó lè yọ ọ́ kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ búra. Ẹ wí pé: kò sí àlejò, kò sì sí ẹni tó ń bọ̀."

Ìbídùnún ti ṣe tán láti sọ ohun tó nira jù yìí lọ. Ó ti ṣe tán láti jẹ́wọ́ òkúta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti wí pé kò sí ẹni tó ń bọ̀, ìyẹn ni pé kí ó dúró síwájú ìyá rẹ̀ kí ó sì fọ́ abọ́ náà mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ó sẹ́ Ẹni tí ó ti ń dúró dè láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Èmi kò lè wí bẹ́ẹ̀," ó dáhùn. "Ohun tí mo lè búra sí ni pé kò tíì dé."

Iná tàn nínú ojú gíláàsì Akẹnu, ó sì kú.

"Ẹni tí kò tíì dé kì í ṣe ẹnu," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo gbà á. Ẹ búra."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì búra.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ohùn ẹ̀rọ náà ti gba gbogbo ibùdó, dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń já ẹrù ọkọ̀ ní etí omi. "Ìwọ̀n ti yí padà. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ibùdó Erékùṣù Yìnyín ti bọ́ sábẹ́ ààlà. Kí gbogbo ọmọ ogun wọ ọkọ̀ ní agogo mẹ́rin. Sájẹ́ǹtì Ìbídùnún Fátúnlà yóò dúró."

Ó gbọ́ ariwo ayọ̀ láti òkèèrè, ariwo tí kò gbọ́ rí níbẹ̀. Ó sì gbọ́ ọ bó ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí gbólóhùn ìkẹyìn ti ń yé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ́tóyè ló kọ́kọ́ dé, òógùn lójú rẹ̀ nínú òtútù yẹn. "Màmá, kí ló túmọ̀ sí pé ẹ ó dúró?"

"Jókòó, ọmọ mi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì sunkún, nítorí kò fẹ́ kí ó di dandan fún un láti pẹ̀tù sí òun nínú. Ó sọ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tó dé ibẹ̀, Ọmọ́tóyè yíjú sí fèrèsé ẹ̀yìn, níbi tí òkìtì òkúta mẹ́ta wà. Ibùsùn kan náà lòun àti Adégòróyè ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

"À bá ti lọ," ó wí.

"Ẹ bá ti lọ."

"Òun náà."

"Òun náà, ọmọ mi. Má sọ pé kò ṣe nǹkan."

"Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ le. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rọ̀ díẹ̀. "Ọjọ́ tí ìyàwó mi bímọ, tí n kò sí níbẹ̀, abọ́ yẹn ni wọ́n tì síwájú mi. Ọjọ́ tí wọ́n sin Adé, èmi náà ni. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, Màmá. N kò mọ̀ ọ́n rárá."

"Má sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ."

"Ẹ wí i."

"Ìyá mi wà ní Òkè-Ìrọ̀rùn, ilé kẹta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí o bá ti rí ọmọ rẹ, tí ó ti mọ̀ ọ́, gbé e dání lọ síbẹ̀. Lọ lásìkò oúnjẹ. Wàá rí abọ́ kan tí wọ́n dé sí apá ilẹ̀kùn. Tèmi ni. Kí o tó ṣàlàyé ohunkóhun, jókòó kí o sì jẹ ẹ́."

"Bó bá bi mí pé ta ni mí ńkọ́?"

"Kò ní bi ọ́ títí wàá fi yó. Ó mọ àlejò í tọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Ọmọ́tóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ títútù náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fa àpò rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì, ó ti bèbí náà wọnú, ó sì jáde láìbojú wẹ̀yìn.

Ọ̀gágun Ẹgbẹ́yẹmí ló wọkọ̀ kẹ́yìn. Ó kí Ìbídùnún bí ọmọ ogun ti í kí ọ̀gá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ga jù. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ orin ìdágbére láti inú ọkọ̀. Ìbídùnún bá wọn gbe é títí wọ́n fi jìnnà, títí tó fi jẹ́ pé ohùn tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ó wá dákẹ́. Oòrùn wà lójú ọ̀run, kò sì ní wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó po ògì ní ìkòkò ńlá nítorí ìkòkò kékeré kò sí. Ó mú abọ́ méjì kalẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó bu tirẹ̀. Ó gbé ṣíbí lé orí èkejì, abọ́ ilà búlúù náà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lófuurufú.

Ó dá ohun tó wà nínú ṣíbí padà sínú ìkòkò. Ó gbé abọ́ náà ní òfìfo lọ sí ìpẹ̀kun tábìlì, ní apá ibi tí ilẹ̀kùn wà, ó sì gbé e síbẹ̀. Kò bu nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n kò dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ènìyàn mélòó lẹ bọ́ láàárọ̀ yìí?" Akẹnu béèrè.

"Gbogbo..." ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó wo àwọn tábìlì mẹ́fà náà, àga tó yí wọn ká, àti ìbọ̀sẹ̀ kan tí Ọmọ́tóyè gbàgbé sórí ìbọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

"Ẹnì kan," ó wí.

"Iye nìyẹn," ni Akẹnu dáhùn.